Ẹni Tó Bọ́ Lókò

"Ibi yìí ti kú. Oúnjẹ nìkan ló kù níbẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá lo ìsinmi láti ìlú òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí a ti rìn yí Èbúté Mẹ́ta ká. Kò fi ṣẹ̀sín. Ó ti rí irin tó dípẹtà nínú ọgbà rélùwéè, ó ti rí ilé onípákó àtijọ́ tí àwọn ọ̀gá òyìnbó gbé nígbà ayé wọn, ó ti rí òrùlé tí koríko hù sí. Lẹ́yìn náà ló rí àmàlà. Ó wá ṣe ìṣirò tirẹ̀: iṣẹ́ ti lọ, oúnjẹ ló ṣẹ́kù. Mi ò dá a lóhùn, torí lójú lásán, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni bó ṣe to nǹkan méjèèjì. Bíi pé iṣẹ́ ni ilé, oúnjẹ sì jẹ́ òdòdó tí wọ́n gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Ilé wó, òdòdó kù. Gbogbo àwa tí a máa ń mú àlejò rìn kiri irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é: a ó wo ẹ́ńjìnnì, a ó ya fọ́tò, ìgbà tó bá rẹ̀ wá la ó tó lọ jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, èmi nìkan, láìgbé kámẹ́rà dání, mo sì yí ètò náà padà. Oúnjẹ ni mo ń kọ́kọ́ lọ bá.

## Àdúgbò tí irin tẹ̀dó

Mi ò ní pìtàn rélùwéè fún yín. Ẹ ṣáà mú un lọ́wọ́ pé ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó, irin náà dé Abẹ́òkúta ní 1898, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ṣe. Ọgbà ńlá yẹn ni gbogbo Èkó ń pè ní Lókò. Àwọn oníbọ́ílà wà níbẹ̀, àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn fítà, àwọn wẹ́dà, àwọn káfíńtà tó ń kan àga inú ọkọ̀. Tí ẹ bá ń rìn nínú àdúgbò náà lónìí, ẹ kíyè sí orúkọ àwọn òpópónà rẹ̀: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Jẹ́bà, Kánò. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè ọya rí á mọ̀ pé orúkọ ibùdókọ̀ lòun ń kà.

Àwọn èèyàn sì ti ń jẹun níbẹ̀ kí irin tó dé. Ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó, Èbúté Mẹ́ta ni Gómìnà Glover ti fún wọn nílẹ̀. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá rí láfún funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà dúdú lórí tábìlì kan náà. Èrò ọ̀fun ni o, kì í ṣe ti ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀fun náà ní ohun tó ń rántí.

## Fèrè

Ìyá kan ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rélùwéè. Mi ò ní sọ ibi tó wà gan-an, ìdí rẹ̀ á hàn tó bá yá. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ní pátákó orúkọ. Páànù ni wọ́n fi bò ó lórí, bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, tábìlì tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá aláwọ̀ ewé lé wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ló ń kọ́kọ́ tà láàárọ̀ kùtù. Tó bá di agogo mẹ́wàá, ẹ̀wà ti kúrò nílẹ̀, bí ẹni mẹ́wàá tilẹ̀ ṣì ń béèrè rẹ̀. Àmàlà, láfún àti ẹ̀bà á jáde ní agogo méjìlá géérégé. Ní agogo méjì, ìkòkò ti dorí kodò.

Kò sí ìṣirò ọjà tó gba irú ìyẹn. Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, mẹkáníìkì ni wọ́n, awakọ̀ dáńfó ni wọ́n, àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìntì, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó yà láti Yábà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n ń tú sílẹ̀ fún ìsinmi ní agogo méjìlá. Agogo mẹ́ta gan-an ni ebi ń pa mẹkáníìkì, nígbà tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì tán tó ń dúró de ẹni tó lọ ra pààtì. Mo ti rí àwọn tó dé lákòókò yẹn, tí wọ́n bá ilẹ̀ gbígbá, tí wọ́n sì ń ráhùn lọ síbòmíì.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sún ọjà náà síwájú díẹ̀.

"Fèrè Lókò ni," ó ní.

"Màmá, fèrè Lókò ti dákẹ́ tipẹ́."

"Létí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni."

Ìyá rẹ̀ ló ni ìdí ààrò náà tẹ́lẹ̀. Fèrè á fọn láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé. Á fọn lọ́sàn-án, wọ́n á tú jáde. Á tún fọn, wọ́n á padà. Àmàlà tí kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí fèrè ọ̀sán bá fọn, ìsọ̀ kejì ni oníbàárà á lọ, torí àkókò tí wọ́n ní kò pọ̀. Òun gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ló ń fọ abọ́. Ó ní àwọn kò nílò aago nínú ilé.

Mo wá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgbákọ wọ inú omi, ó wọ inú àmàlà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, àmàlà ti bọ́ sínú abọ́. Gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata. Ọwọ́ kejì ti wà lórí ẹran, ó sì ti ń béèrè pé "ṣàkì àbí pọ̀nmọ́?" kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tó rí ibi jókòó sí. Ẹni márùn-ún péré ló wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ń kánjú nínú wọn. Ọwọ́ tó ń bọ́ ogunlọ́gọ̀ láàárín ìsinmi ọ̀sán kan ni ọwọ́ yẹn. Ogunlọ́gọ̀ ti lọ, ọwọ́ kò tíì gbọ́.

## Ìwé inú agolo

Bàbá kan jẹun tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó sì ti ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ílà kó tó fẹ̀yìntì. Ó fọ ọwọ́, ó dúpẹ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ. Kò san kọ́bọ̀. Ìyá olóúnjẹ kò gbójú sókè. Ó fa bírò kan yọ nínú gèlè, ó fa ìlà kékeré kan sínú ìwé tó wà lábẹ́ abọ́ ẹran, ó sì ń bá ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìlà yẹn ló dá mi dúró. Mo béèrè bóyá àwìn ṣì pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí mo rí yẹn kì í ṣe àwìn, eré ọmọdé ni. Nígbà tí ọjà tán, ó rán ọmọbìnrin kan lọ sílé, ọmọ náà sì gbé agolo bisikíìtì ńlá kan dé. Ìwé ló kún inú rẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé, irú èyí tí wọ́n tẹ ìṣirò ìlọ́po sí ẹ̀yìn rẹ̀, etí wọn ti ká, epo sì ti yí àwọn ojú ewé mìíràn padà tó fi jẹ́ pé ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá. Ìwé àwìn ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ yìí kò mọ̀wé kọ. Àmì ló ń fà. Ìlà òòró kan ni àmàlà kan. Òdo kékeré ni ẹran. Òdo tí wọ́n fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá ni pọ̀nmọ́. Ọmọ tó ń fọ abọ́ ló ń bá a kọ orúkọ sókè ojú ewé, nígbà tó wà ní ìwé karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì jẹ́ orúkọ gidi. Orúkọ iṣẹ́ ló pọ̀ jù: fítà, bọ́ílà, gáàdì, kíláàkì. Wọ́n á wá fi nǹkan kan kún un kí fítà kan má bàa san gbèsè fítà kejì: àwọ̀ ara, ìlú, iye ọmọ, tàbí àléébù kan tí kò yẹ kí n kọ síbí.

Nísàlẹ̀ àmì àwọn oúnjẹ, ìlà gbọọrọ kan wà tí wọ́n fà ní ìbú, láti etí dé etí. Ọjọ́ owó oṣù nìyẹn. Wọ́n gbowó, wọ́n wá san, ìyá rẹ̀ fa ìlà, gbogbo rẹ̀ padà sí òfo, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣí ìwé náà lọ. Àmì, àmì, àmì, ìlà. Àmì, àmì, àmì, ìlà. Mo wá ṣí ojú ewé kan tí kò ní ìlà. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní. Lórí ẹ̀kẹta, wọ́n fa ìlà náà dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀.

"Àbọ̀ owó ni wọ́n rí gbà lóṣù yẹn," ó ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, àmàlà ń bá a lọ, pọ̀nmọ́ ń bá a lọ (òdo ẹran lásán dín kù gan-an), ojú ewé ń tẹ̀ lé ojú ewé. Kò sí ìlà mọ́.

Mo béèrè ìgbà wo nìyẹn. "Ìgbà tí ọkọ̀ dúró," ó ní. Ìwé ìtàn mọ ìgbà náà: 1988, nígbà tí rélùwéè kéde pé òun ti wọko gbèsè, tí ọkọ̀ kò sì rìn fún oṣù mẹ́fà. Mo ti kà nípa rẹ̀ ṣáájú. Ohun tí mo kà sọ nípa ọkọ̀, ó sọ nípa gbèsè, ó sọ nípa ìjọba. Kò sí ibi tó ti sọ ohun tí fítà jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

## Owó oṣù àti ebi

Owó oṣù ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ebi ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹnì kan ní láti dúró sáàárín àwọn méjèèjì, tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n á rí tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù. Ẹni yẹn ni obìnrin tó ní ìkòkò. Òun ló ń yá ilé iṣẹ́ lówó láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ mọ̀, torí ẹni tó ń gbé òṣìṣẹ́ dé ọjọ́ owó oṣù, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń bá a ṣe. Gbogbo ìwé ìṣirò rélùwéè láti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tú u wò: owó èédú wà níbẹ̀, owó epo wà níbẹ̀, owó ìṣó wà níbẹ̀. Owó tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń tì sẹ́yìn iṣẹ́ náà lóṣooṣù kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ má sì rò pé àánú ni gbogbo rẹ̀. Bàbá oníbọ́ílà yẹn ló là mí lóye, nígbà tí mo tún bá a pàdé. "Ẹran àwìn kì í tóbi tó ẹran owó lọ́wọ́," ó ní, ó sì fi ìka hàn mí bí èkínní ṣe rí àti bí èkejì ṣe rí. Èlé nìyẹn. Olúkúlùkù wọn ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde.

Nígbà tí mo ti rí ìwé yẹn, ìtàn tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tún ara rẹ̀ tò. Ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 1941, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde láti Lókò, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Gómìnà Bourdillon. Ogun Hítílà ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ sì wà níbi tó wà. Ní 1943 wọ́n gbé Imoudu lọ sí àtìmọ́lé, kò sì padà sí Èkó títí di 1945. Láàárín àkókò kan náà, ìjọba gbé Captain Pullen dìde pé kó máa ṣàkóso iye owó oúnjẹ l'Ékòó. Iye báyìí ni kí wọ́n ta gaàrí, ẹni tó bá ta á jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹ̀ sófin. Iye tí wọ́n dá kò tó owó tí àwọn obìnrin fi ń rà á bọ̀ láti oko. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ kó bá wọn ṣe é, ó kọ ìyẹn náà.

Ẹ wo bí ìjọba ṣe gbé e kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní oúnjẹ wọ́n. Ìjọba kò fi kún owó oṣù, ó ní kí olóúnjẹ gbé ẹrù náà. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ àti olóúnjẹ kọjú ìjà síra wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 30,000 da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ti rélùwéè sì wà lára àwọn tó síwájú. Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n gógó, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má sì dín ní ṣílè méjì àti sísì. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà lé ní oṣù kan. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọba náà mọ̀, òun ló sì ń dúró dè. Ṣùgbọ́n ebi kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn obìnrin ọjà ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà: wọ́n ta oúnjẹ láwìn, wọ́n dín owó rẹ̀ kù, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ sì ń fi èrè ọjà wọn gbọ́ bùkátà ilé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ fún ìjọba láti fi béèrè owó ni pé ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ló ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ ìyàwó wà nínú wọn, tí àwìn ìyá ọlọ́jà sì wà lọ́rùn wọn. Wọn kò purọ́ tán, wọn kò sì sọ òótọ́ tán. Ìtàn wá gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbàgbé ìkòkò.

Bàbá oníbọ́ílà kò bá ti 1945 níṣẹ́. Ti 1964 ló mọ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ Oṣù Kẹfà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì jákèjádò Nàìjíríà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́. Mo retí kó sọ̀rọ̀ Imoudu fún mi, kó sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ̀bà ni àwọn ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀bà àti ilá, láìsí ẹran, àti pé àwọn jẹ gbèsè ẹ̀bà náà títí di Oṣù Kẹjọ.

## Òkobaba, níbi tí igi ń se oúnjẹ igi

Kí n má bàa gbé oúnjẹ ga ju bó ṣe yẹ lọ, mo rìn dé Òkobaba, ní etí ọ̀sà. Iṣẹ́ tibẹ̀ kò tíì kú nígbà tí èmi mọ̀ ọ́n, pákó ni. Wọ́n ń fi omi fa gẹdú láti ìhà Òǹdó àti Ògùn, wọ́n á so wọ́n pọ̀ lójú ọ̀sà, wọ́n á gbé wọn wọ ìdí ayùn. Òórùn igi tútù àti èéfín kì í kúrò nínú aṣọ ẹni tó bá débẹ̀. Iná sì ti jó ibẹ̀ léraléra.

Àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ kì í ra èédú. Ìyẹ̀ pákó ni wọ́n ń dá. Wọ́n á mú agolo ńlá, wọ́n á lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n á gbé igò sí àárín, wọ́n á da ìyẹ̀ pákó yí i ká, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ kó le gbagidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọra yí igò náà, wọ́n á fà á yọ, ihò á sì dúró láàárín. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jó á wọlé láti ihò ìsàlẹ̀, iná á gun àárín náà bọ̀ lókè, á sì máa jó díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìsí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Ìrẹsì àwọn alágbàṣe ń hó lórí rẹ̀. Ẹja ń dín lórí òmíràn. Igi tí wọ́n là láàárọ̀ ló ń se oúnjẹ ẹni tó là á.

Ìjọba Èkó ti ní kí àwọn onípákó kó lọ sí Àgbọ̀wà. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn, mi ò sì lè sọ pé wọ́n ń parọ́. Mo ti rí ojú ọmọdé tí ń gbé inú èéfín yẹn. Ṣùgbọ́n tí ayùn bá lọ, ìyẹ̀ lọ. Tí ìyẹ̀ bá lọ, ìdáná ọ̀fẹ́ lọ, oníbàárà lọ, obìnrin tó ń din ẹja náà á sì ṣẹ́ kù sí etí ọ̀sà pẹ̀lú agolo òfìfo. Oúnjẹ kì í fìgbà gbogbo pẹ́ láyé ju iṣẹ́ lọ. Èyí tó bá pẹ́, ẹnì kan ló san owó ẹ̀mí gígùn rẹ̀.

## Ti ìlú àwọn ẹlòmíì

Ọ̀rẹ́ mi máa ń fi New York ṣe àpẹẹrẹ. Chelsea Market, níbi tí àwọn èèyàn ti ń tò láti jẹun lónìí, ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni National Biscuit Company ti kọ́kọ́ ṣe Oreo ní 1912, ó sì di ọjà oúnjẹ ní 1997. Ní Manchester, àdúgbò Ancoats tó kún fún ilé iṣẹ́ òwú láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ti di ibi oúnjẹ olówó iyebíye, débi pé ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, ní 2019.

Ó dára, ó mọ́, mo sì fẹ́ lọ jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò wọn yàtọ̀ sí tiwa. Níbẹ̀, iṣẹ́ kú, ilé dá páro, olówó rà á, ó tún un ṣe, oúnjẹ sì wọlé lẹ́yìn pẹ̀lú iná mèremère. Ní Èbúté Mẹ́ta, oúnjẹ bá iṣẹ́ wọlé, ó bá a jẹ ìyà, ó sin ín, kò sì tíì kúrò nídìí sàréè. Ẹ má fi èkínní wọn èkejì.

## Ọkọ̀ tuntun

Irin tuntun ti dé. Láti Oṣù Kẹfà 2021, ibùdó ńlá tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson sọ, gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, ni èrò Ìbàdàn ti ń wọkọ̀, ní Èbúté Mẹ́ta níbẹ̀. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin ìpínlẹ̀ Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Agbado sí Ọyìngbò. Mo rò pé inú ìyá olóúnjẹ á dùn. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó ní èrò ń wá, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń fi fóònù sanwó, ọmọ òun ló ń bá òun wo àlááàtì.

"Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè yá lóúnjẹ. Mi ò mọ ilé rẹ̀. Kò ní padà kọjá níbí lọ́la."

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri pé kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la. Wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí kí n tó mọ̀ wọ́n. Ọmọ náà jẹ̀bi díẹ̀, ó sì jàre díẹ̀: owó àmàlà òní kò rí bíi ti àná, ẹlùbọ́ wọ́n, gáàsì wọ́n, àwìn oṣù kan lè pa ìsọ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀ tí òun kò mọ̀ ni pé àwìn kì í wà láìsí ògiri kan tí àwọn kan náà ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Rélùwéè ló mọ ògiri yẹn, fèrè ló ń kó àwọn èèyàn náà jáde. Àmàlà ṣì wà, gbẹ̀gìrì ṣì wà, ọwọ́ ìyá náà ṣì yá. Ohun tó lọ ní Lókò ni kí ọgọ́rọ̀ èèyàn máa padà wá síbì kan náà lọ́la, kí gbogbo wọn sì mọ̀ pé àwọn á padà wá. Bọ́ọ̀sì kò lè gbé ìyẹn wá, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú irin tuntun. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi ka nǹkan tó kù, ó sì kà á dáadáa. Nǹkan tó kú ni kò rí.

Inú ọgbà rélùwéè níbẹ̀ ni Jaekel House wà, ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ti di mùsíọ́mù báyìí. Àwọn ohun ìlò rélùwéè àtijọ́ àti fọ́tò ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ dára, ẹ lọ wò ó. Mo sọ fún ìyá náà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ìwé inú agolo yẹn wà, nínú gíláàsì, kí àwọn ọmọ iléèwé máa wá wo ojú ewé tí ìlà ti dúró láàárín. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì rò pé ó wọ̀ ọ́ létí.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú agolo.

"Gbèsè tí ìyá mi ti fi jì wọ́n ni kí n lọ gbé kọ́ ògiri? Àwọn ọmọ wọn ń gba ibí kọjá. Wọ́n ń kí mi."

Mo ní kí n kúkú kọ nípa rẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyẹn kò burú. Kí n má ṣáà kọ ibi tí ìsọ̀ òun wà, torí àmàlà òun kò tó àwọn tó ń wá tẹ́lẹ̀.